Ogun Òru àti Ìgbì Ọpọlọ: Ìtàn Ìmọ̀ Oorun láti 1929 sí 2007

Bí ènìyàn bá lajú lóru, ní Obbo-Ile tàbí ní ìlú Yorùbá mìíràn, tí kò lè gbápá gbẹ́sẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò jáde, tí ó sì dà bí ẹni pé ohun kan jókòó lé e láyà, ogun òru jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè é. Ìbéèrè tí ó kan òpìtàn ni èyí: ṣé ìrírí náà ni orúkọ yìí ń sọ, àbí ohun tí ó fà á?

Ìmọ̀ ìgbì ọpọlọ kò tíì pẹ́. Ní 1929 ni Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, kọ ọ́ jáde pé agbára mànàmáná inú ọpọlọ ṣeé yà sórí bébà láìla agbárí. Ní 1937, Alfred Loomis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìgbì náà ń yí padà bí oorun ti ń wọra. Ìgbì ẹni tí ó dijú láìsùn a máa lọ ní 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti oorun àsùnwọra kì í tó 4, ṣùgbọ́n ó ga. Ní 1953, Aserinsky àti Kleitman ní Yunifásítì Chicago ṣàpèjúwe oorun kan tí ẹyinjú ti ń yí kánkán lábẹ́ ìpéǹpéjú. Oorun àlá nìyẹn. Ní 1959, Michel Jouvet ní ilẹ̀ Faransé rí i lára ológbò pé iṣan ara a máa dẹ̀ nínú irú oorun yìí, bí ọpọlọ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ogun òru. Ní 1992, Takeuchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gba ìgbì ọpọlọ àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé bá. Ìgbì ẹni tí ó jí wà níbẹ̀, iṣan sì dẹ̀ bí ti alálàá. Ọpọlọ ti jí. Ara kò tíì jí.

Ní Nàìjíríà, Ohaeri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 164 léèrè. Ìwádìí wọn ti 1989 fi hàn pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Ní 2007, Aina àti Famuyiwa kọ̀wé lórí ogun òru gan-an, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí àwọn ènìyàn gbà pé ó ń fà á, bí ìjà ọkọ tàbí aya ọ̀run àti oúnjẹ tí a jẹ lójú àlá, pẹ̀lú àdúrà àti ètùtù tí wọ́n fi ń wò ó.

Ìtàn yìí kò sọ ẹni tí ogun òru jà di òpùrọ́. Ohun tí ó ní ó ṣe òun, ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jí tí ó dárúkọ ìyá àgbà kan ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Ẹ̀rọ jẹ́rìí sí ìrírí náà. Kò jẹ́rìí sí ẹ̀sùn.