Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Fi Ìwádìí Yanjú Ìṣòro Àdúgbò Rẹ̀

Àwọn òbí tó ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlá-Ọ̀ràngún tàbí níbòmíràn nílẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun mọ ọ̀rọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì dáadáa, nítorí àwọn ló ń sanwó títẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń ká wa lára ni pé àwọn ọmọ kan ń da ti ẹni tó ti ṣe é ṣáájú kọ. Wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí, kànga tó ń kó àìsàn bá àdúgbò wọn á sì wà bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ìwádìí fún àwọn ọmọ wa, ti ilé-kéú àti ti ilé-ìwé ìjọba.

Ìwádìí ni kí ènìyàn ní ìbéèrè tí kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀, kó lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kó ka ohun tó ṣeé kà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó sọ pé ohun báyìí ló fà á. Kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tó ṣa hádíìsì jọ, bíi Imam Bukhari, rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń wádìí ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ta, àti bóyá olóòótọ́ ni.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa wà ní Ìbàràpá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé Igbó-Ọrà, kí wọ́n lè kọ́ ìlera láàárín ará ìlú. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà síbẹ̀, sòbìà ni ìṣòro. Nígbà tí àwọn olùwádìí jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n gbọ́ pé ọ̀pọ̀ gbà pé ara ènìyàn ni sòbìà ń gbé látilẹ̀, bí iṣan. A ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Omi odò ni aràn náà ń bá wọ inú, ṣùgbọ́n ó ń tó nǹkan bí ọdún kan kó tó yọ lẹ́sẹ̀. Ta ló máa rántí omi tó mu léṣìí?

Kíkà náà ṣe pàtàkì. Láàárín 1987 sí 1988, nígbà tí wọ́n wọ abúlé dé abúlé káàkiri Nàìjíríà, wọ́n rí àwọn tó ní sòbìà tó lé ní 650,000. Ìgbà tí a mọ ibi tó wà ni aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, omi tó mọ́ àti ìlanilọ́yẹ̀ tó lè débẹ̀. 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ká wá ní ọmọ kan ní Ìlá fẹ́ mọ ìdí tí inú fi ń run àwọn ọmọdé àdúgbò rẹ̀ lásìkò òjò. Kó kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ baálé. Bó bá wọlé, kó kí wọn: "Ẹ kú ilé o, ìyá." Kó má bi wọ́n pé, "Ṣé kànga yìí ló ń ṣe yín?" torí ó ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Kó béèrè pé, "Omi wo lẹ mu lọ́sẹ̀ yìí?" Kó wọn àlàfo àárín kànga àti ṣalángá, àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fẹ́ kó tó mítà 30. Kó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ló yẹ kó fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn le náà. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, nígbà tí onígbáméjì ń pa ènìyàn, Dókítà John Snow rí i pé ilé àwọn aláìní kan nítòsí kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ènìyàn, torí wọ́n ní kànga tiwọn. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kó dá a lójú pé omi ẹ̀rọ òpópónà Broad Street ló ń pa wọ́n.

Bí iṣẹ́ bá parí, kó má gbé e pamọ́. Kó kà á fún àwọn ará àdúgbò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí níbi ìpàdé, kí wọ́n bá a tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Kó mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn wolé-wolé wà, àwọn ló sì lè ní kí wọ́n dí ṣalángá tó sún mọ́ kànga jù.