Ta Ló La Ọ̀nà fún Ẹni Tó Ń Sáré?

Lálẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2024, ní Houston, Michael Penix ju bọ́ọ̀lù nígbà 51. Ní sáà yẹn, kò sí quarterback yunifásítì kankan ní Amẹ́ríkà tó fi jíju bọ́ọ̀lù gba ilẹ̀ tó o. Síbẹ̀, nígbà tí eré parí, Washington tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àmì 13, Michigan ní 34. Michigan ò ju bọ́ọ̀lù tó ogún ìgbà. Wọ́n kàn ń gbé e sáré ṣáá ni, yáàdì 303 ni wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gbà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í wo eré yìí: bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé e. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní àǹfààní mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba mẹ́rin míì. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Quarterback lè jù ú sí ẹni tó ti sá lọ síwájú, tàbí kó fi lé running back lọ́wọ́ kí ìyẹn gbé e wọ àárín èrò. Jíjù ló dùn-ún wò, òun náà ló ń kún orí fóònù wa. Àmọ́ tí ẹ bá yẹ ìtàn ife-ẹ̀yẹ yunifásítì wò dáadáa, sísáré àti ìdènà ni ẹ ó máa bá nídìí rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà.

Aago ló fà á jù. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò sẹ́ni tó mú un, aago á dúró. Ẹni tó gbé e sáré tí wọ́n sì gbé ṣubú láàárín pápá, aago ò ní dúró dè é. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n sá á máa jẹ àkókò bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, quarterback alátakò á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wòran. Kí ló fẹ́ jù, nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ ẹ̀? Àwọn adènà ẹgbẹ́ tó ń sáré náà ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ṣùgbọ́n ti alátakò ń forí gbárí pẹ̀lú àwọn géńdé tó wúwo ju 300 pọ́n-ùn lọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Tó bá fi máa di ìdá kẹrin, ẹsẹ̀ wọn á ti kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, jíju bọ́ọ̀lù síwájú ò tiẹ̀ sí nínú òfin. Ńṣe ni wọ́n máa ń wọ́ jọ, tí wọ́n á rọ́ lu ara wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kú sí i. Ní 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí White House lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1906, ni òfin fàyè gba jíjù, kí pápá lè fẹ̀, kí gbogbo èèyàn yéé kóra jọ sójú kan.

Ká fò díẹ̀, ká dé Texas. Ní 1968, Emory Bellard tó ń bá Darrell Royal ṣiṣẹ́ gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wishbone. Àwọn asáré mẹ́ta dúró lẹ́yìn quarterback bí eegun àyà adìẹ tó là sí méjì. Quarterback á sáré, á máa wo ojú ẹni tó ń bọ̀ wá mú un, kó tó pinnu bóyá kó fi bọ́ọ̀lù lé ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, kó sọ ọ́ sí ẹni ẹ̀gbẹ́, àbí kó gbé e lọ fúnra ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1969, wọ́n lọ bá Arkansas ní Fayetteville, Ààrẹ Nixon wà láàárín àwọn òǹwòran. Nígbà tí ìdá kẹrin máa bẹ̀rẹ̀, Arkansas ní 14, Texas ní òdo. Texas ló borí, 15 sí 14. Ẹ sì wá gbọ́ èyí: bọ́ọ̀lù tó yọ wọ́n, jíjù ni wọ́n jù ú! Àǹfààní kẹrin ni, yáàdì mẹ́ta ló kù, ni Royal bá ní kí James Street ju bọ́ọ̀lù jìnnà sí Randy Peschel. Ó mú un. Nígbà tí gbogbo ayé ti gbà pé sísáré ni wọ́n á sáré, ta ló fẹ́ dúró ti Peschel?

Ohun kan wà nínú ìtàn ife yẹn tí mi ò lè fò kọjá. Òyìnbó nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ tí Texas fi gbá sáà náà, òun sì ni ẹgbẹ́ olóyìnbó pọ́ńbélé tó gba ife yìí kẹ́yìn. Ọdún 1970 ni Julius Whittier, ọmọ dúdú, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àgbà wọn. Láàárín ipò tó gbá, ti àwọn tó ń la ọ̀nà wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Nebraska. Ní oṣù kìíní 1996, Tom Osborne kó wọn lọ pàdé Florida ní Fiesta Bowl. Steve Spurrier ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Florida, ọ̀gá nínú jíjù. Ìdá kìíní parí, Florida ló wà níwájú, 10 sí 6. Ìdá kejì nìkan, Nebraska kó 29, Florida ò rí ẹyọ kan. Ó parí sí 62 sí 24. Nebraska fi ẹsẹ̀ gba yáàdì 524. Tommie Frazier, quarterback wọn, nìkan sá 199. Lẹ́ẹ̀kan, ó sá 75 tí wọ́n ń dì mọ́ ọn tó ń já. Ti Florida wá ń kọ́? Wọ́n fi yáàdì 28 jẹ gbèsè. Ní yunifásítì, tí wọ́n bá gbé quarterback ṣubú sẹ́yìn, orí sísáré ni wọ́n ń ka ohun tó pàdánù sí. Àwọn adènà Nebraska ò jẹ́ kí Danny Wuerffel mí.

Ẹnì kan lè ní LSU ńkọ́, ní 2019, tí Joe Burrow ju bọ́ọ̀lù 60 wọlé tí wọ́n sì gba ife? Òótọ́ ni. Sáà bẹ́ẹ̀ wà. Àmọ́ Burrow kì í wọ́pọ̀, ẹgbẹ́ tí kò bá sì ní irú ẹ̀ á wá ọ̀nà míì.

Ní 2022, àárín ẹgbẹ́ Michigan ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Olusegun Oluwatimi wà. Bẹ́ẹ̀ ni, Ṣẹ́gun. Center ni: ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ fún quarterback, tó sì gbọ́dọ̀ kọlu ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí asáré lè rí ihò gbà. Wọn ò kí í ka yáàdì kankan sí orúkọ rẹ̀. Láti 1935 tí wọ́n ti ń fúnni ní Heisman, kò sí center kankan tó gbà á rí. Ẹ̀bùn tiwọn ni Outland àti Rimington, Oluwatimi sì gba méjèèjì ní sáà kan náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tún gba Joe Moore, ẹ̀bùn fún àwọn tó mọ ọ̀nà là jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ife ńkọ́? Wọn ò rí i gbà. TCU na Michigan ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, 51 sí 45. Àwọn tó mọ ọ̀nà là jù wà ńlẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èèyàn kó àmì 45 jọ, síbẹ̀ ó ń sunkún lọ sílé.

Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Ní ìpíndọ́gba, àmì 10.4 péré ni àwọn alátakò rí gbà lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́gbẹ́ míì tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n lọ sílé Penn State láìsí Jim Harbaugh, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tó ń jìyà lọ́wọ́ àjọ Big Ten. Sherrone Moore, tó kọ́ Oluwatimi àtàwọn yòókù ní ọ̀nà lílà, ló dúró fún un. Ní gbogbo ìdajì kejì, kò sí jíjù kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ Michigan. Gbogbo èrò pápá mọ̀ pé sísáré ló ń bọ̀, Penn State náà mọ̀. Wọ́n borí, 24 sí 15.

Bó ṣe di Houston nìyẹn. Kí ìdá kìíní tó parí, Donovan Edwards ti sáré wọlé lẹ́ẹ̀mejì, yáàdì 41 àti 46. Ní ìdajì kejì, àmì mẹ́ta péré ni Washington rí. Will Johnson já bọ́ọ̀lù Penix gbà, Mike Sainristil náà já tiẹ̀ gbà, Blake Corum sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì ní ìdá kẹrin.

Drake Nugent ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ipò center lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oluwatimi ti di òṣìṣẹ́ Seattle Seahawks, nílùú Seattle kan náà tí Yunifásítì Washington wà.