Orúkọ Odò Wa Nínú Àwòrán Ilẹ̀

Bí ẹ bá ń lọ sí oko ní Akparé, odò kékeré mélòó ni ẹ ń là kọjá? Ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ mọ orúkọ kòtò tí omi máa ń dúró sí nígbà òjò. Ta ni ó ti kọ wọ́n sílẹ̀?

Àwọn Jámánì gba Tógò ní ọdún 1884. Nígbà tí ó yá, Paul Sprigade, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, ya àwòrán ilẹ̀ náà fún wọn. Inú ìwé tí àwọn arìnrìn-àjò àti òṣìṣẹ́ ìjọba kọ lójú ọ̀nà ni ó ti kó o jọ. Nínú àwòrán yìí, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún kìlómítà 2. Odò tí ènìyàn lè fò kọjá, níbo ni yóò ti rí àyè?

Ogun dé ní 1914, wọ́n lé àwọn Jámánì lọ, apá ọ̀dọ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìkọ̀wé náà yí padà. Ohùn tí Jámánì ń kọ ní "u", Faransé a kọ ọ́ ní "ou". Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Ogou, Amou àti Amoutchou.

Ẹ wo Akparé fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àmì ohùn, ẹ ṣọ́ra o! Àmì orí "é" yẹn kì í ṣe àmì ohùn òkè. Faransé fi í síbẹ̀ kí òǹkàwé má baà gbé "e" ìparí mì ni. Kò sọ bóyá ohùn gòkè tàbí ó wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohùn ni ó ni èdè wa. Bí ẹnìkan bá kọ "igba" láìsí àmì, ṣé igbá ni, àbí ìgbà, àbí igba?

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ilẹ̀ náà ní 1824. Láti 1834, John O'Donovan, ọmọ ilẹ̀ náà, ń rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ìkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ sínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí ṣì wà, inú rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti ń wá orúkọ àtijọ́ títí di òní.

Tiwa ńkọ́? Ní 1987 ni ògiri ńlá Nangbéto dí odò Mónò. Omi bo oko àti abúlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kó kúrò. Àwọn tí ó mọ orúkọ ipadò abẹ́ omi yẹn ti ń darúgbó. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ.

Ẹ mú ìwé àti bíìkì. Ẹ má jókòó sílé béèrè; ẹ bá àgbà dé etí omi. Bí ó bá ní "odò ni", ẹ tún béèrè, nítorí ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ẹ bi obìnrin tí ń pọnmi, ẹ bi ọdẹ lọ́tọ̀. Odò kan lè ní orúkọ méjì: ẹ kọ méjèèjì pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì kọ ẹni tí ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sọdá, kí ẹ bi àwọn ará òdìkejì.