Ọwọ́ Oníṣẹ́ Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ìtàn iṣẹ́ ọnà, láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ dé Ìtálì ìgbà Michelangelo, kò ní í pẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè kò ní. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó pa ìwé náà dé, kó bèèrè ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ ń ṣe.

Ẹ wo fresco. Ní nǹkan bí ọdún 1305, Giotto, ayàwòrán ará Ìtálì, ya ìtàn Màríà àti Jésù sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Padua. Ẹfun òkúta sísun àti iyanrìn ni wọ́n fi ń rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀; kí ìrẹ́ náà tó gbẹ, ayàwòrán á ti fi àwọ̀ tí wọ́n fi omi pò yà á. Bí ìrẹ́ ṣe ń gbẹ ni àwọ̀ ń di ara ògiri. Àwòrán orí ìrẹ́ tútù ni mo pè é. Ìwọ̀n ògiri tí wọ́n lè parí kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, giornata làwọn ará Ìtálì ń pè é. Iṣẹ́ òòjọ́ nìyẹn. Kò sí ohun tí à ń ṣẹ̀dá níbẹ̀. Leonardo da Vinci kò fẹ́ irú ìkánjú yẹn. Orí ìrẹ́ gbígbẹ ló ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sí ní Milan, láàárín 1495 sí 1498, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣí kí òun fúnra rẹ̀ tó kú.

Ní ti ère, èdè wa lọ́rọ̀ dáadáa. A kì í gbẹ́ amọ̀, a kì í mọ òkúta. Michelangelo gbẹ́ David lára òkúta mábù láti 1501 sí 1504. David tí Donatello fi idẹ ṣe, dídà ni wọ́n dà á. Ìda oyin ni wọ́n ń fi amọ̀ bò, tí iná ń yọ́ kúrò kí idẹ lè gba ipò rẹ̀, bí wọ́n ṣe da orí idẹ Ifẹ̀ náà nìyẹn. Ère gbígbẹ́, ère mímọ, ère dídà: ẹ má ṣe da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Contrapposto gba sùúrù díẹ̀. Ọkùnrin agbọ́kọ̀ tí Polykleitos ará Gíríìsì ṣe ní nǹkan bí 440 ṣáájú ìbí Kristi gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ síhìn-ín, èjìká yẹ̀ sọ́hùn-ún. Bí a bá sọ pé “ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan”, ẹ̀rín ló kù! Ìdúró ìfẹsẹ̀kansinmi tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ń pe perspective ní “ojú ìwòye”, bẹ́ẹ̀ èrò ọkàn ni ìyẹn ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ìlà tó ń pàdé lókèèrè ni perspective tí Alberti, òǹkọ̀wé ará Ìtálì, ṣàlàyé ní 1435. Ìwòkèèrè ni mo fara mọ́.

Ó wá ku Renaissance. Ọ̀rọ̀ tí Vasari, tó kọ ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọnà Ìtálì, lò nínú ìwé rẹ̀ ti 1550 túmọ̀ sí àtúnbí, ṣùgbọ́n ìrònúpìwàdà ni etí wa máa gbọ́. Ìsọjí náà ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ohun tó dákú ló ń sọjí, ohun tí Vasari sì rò pé ó ṣe ọnà Gíríìsì àti Róòmù gan-an nìyẹn. Ìsọjí Ọnà ni kó máa jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé e dé kíláàsì, kí ẹ sì wo èyí tí àwọn ọmọ yóò gbà.