Grip: erékùṣù tí ìjì kò lè lé àwọn ará rẹ̀ kúrò

Lónìí, ọ̀nà jíjìn ni a fẹ́ mú yín lọ, sí orílẹ̀-èdè Nọ́ọ́wè ní àríwá Yúróòpù, sí ibì kan tí à ń pè ní Grip. Ibẹ̀ ti jẹ́ commune rí. Àwọn ará Nọ́ọ́wè pàápàá, «kommune» ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó ní olórí tirẹ̀, bí Kétu àti Ṣábẹ̀ ṣe ní lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n lónìí, kò sí ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Nọ́ọ́wè, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Kristiansund. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, tí ẹ kọjú sí agbami fún nǹkan bí kìlómítà 14, ẹ óò dé Grip. Àpáta kéékèèké bí 80 ló wà níbẹ̀, tí òkun yí gbogbo wọn ká. Gripholmen ni èyí tí àwọn ènìyàn kọ́lé sí, ilé pákó tó sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ibi tó ga jù níbẹ̀ kò tó mítà 10. Kò sí igbó, kò sí oko, kò sí odò. Omi òjò tó ń ṣàn láti orí òrùlé ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ láti mu.

Kí wá ni ènìyàn ń wá débẹ̀? Ẹja ni. Ẹja tí àwọn Faransé ń pè ní morue máa ń wá yé ẹyin sí etíkun yẹn nígbà òtútù. Láyé ìgbà tí ọkọ̀ jẹ́ ti àjẹ̀ àti ìgbòkun, ẹni tó bá sùn sí ìtòsí ẹja ló ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láàárọ̀. Nítorí náà, bí àkókò ẹja bá dé, àwọn apẹja láti ibòmíràn a rọ́ dé, erékùṣù kékeré náà a sì kún fọ́fọ́.

Ní agbègbè Kristiansund, wọ́n máa ń la ẹja náà sí méjì, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sì sá a sórí àpáta kó gbẹ. Àwọn oníṣòwò ń kó o lọ sí Sípéènì, Pọtogí àti Bràsíìlì. Ẹ̀yin Àgùdà Àjàṣẹ́, tí àwọn baba ńlá yín ti Bahia padà wálé, ẹ gbọ́ o: bacalhau tí àwọn ará Bràsíìlì ń jẹ lásìkò Ọdún Àjíǹde, ọ̀dọ̀ irú àwọn apẹja yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Kì í ṣe ayé ìrọ̀rùn. Fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ Grip kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló ni ín. Òkun náà kò sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Ní ọdún 1640 àti ọdún 1796, ìjì líle gbá ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì onípákó tí wọ́n kọ́ sí ibi tó ga jù, ní nǹkan bí ọdún 1470, dúró. Lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn tún ilé wọn kọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, pẹpẹ oníṣẹ́ ọnà kan wà tó wá láti Netherlands, tí ère Màríà wà láàárín rẹ̀. Ìtàn so ó mọ́ Isabella, àbúrò Charles Karùn-ún. Ní ọdún 1515, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, wọ́n mú un lọ fún Christian Kejì, ọba Dẹ́nmáàkì àti Nọ́ọ́wè. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Erik Valkendorf ló lọ mú ìyàwó náà wá. Wọ́n ní ìjì bá wọn lójú òkun, ó sì fi pẹpẹ ṣe ìdúpẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹpẹ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1897, Grip di commune fúnra rẹ̀. Òun ló kéré jù lọ ní gbogbo Nọ́ọ́wè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Nikolai Schei jẹ́ olórí rẹ̀, pé kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe lè da àwọn commune kéékèèké pọ̀. Láti 744, wọ́n dín wọn kù sí 454 nígbà tó fi di ọdún 1967. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1964, wọ́n da Grip pọ̀ mọ́ Kristiansund. Ènìyàn 104 péré ló kù níbẹ̀. Kristiansund ní ju 17,000 lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1974, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ títí ọdún kúrò tán.

A kò ní parọ́ pé ìdàpọ̀ yẹn nìkan ló tú ìlú ká. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ti dé. Apẹja lè sùn sí Kristiansund kó sì dé ibi ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn òbí ń wá ilé ìwé fún ọmọ. Láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba ń ran àwọn tó fẹ́ kúrò ní ibi àdádó lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Ta ló máa bá ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé wí? Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí ni pé ìjì kò tú Grip ká. Nígbà tí ìjì wó ilé, àwọn ènìyàn ní ìdí láti tún un kọ́. Nígbà tí ìdí yẹn tán, kò sí ìjì kankan, ilé ṣì dúró, wọ́n sì lọ.

Síbẹ̀, wọn kò gbàgbé ibẹ̀. Ilé iná atọ́nà ọkọ̀, tó ga tó mítà 47, tí wọ́n kọ́ ní 1888, ṣì ń tàn. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọkọ̀ á máa gbé èrò láti Kristiansund, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ onílé á padà wá ṣílẹ̀kùn ilé baba wọn, àwọn kan á sì ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà.

Orúkọ Grip ti kúrò nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí commune, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, ṣé ẹ mọ abúlé kan ní agbègbè yín tí àwọn ènìyàn ti kúrò tán, àmọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń padà lọ ṣọdún? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, kó má baà parun.