Ta Ni A Ń Kà Mọ́ Òǹkọ̀wé? Ìtàn Ìdíwọ̀n Ìtọ́kasí àti Ipò Àwọn Abẹ́nà-Ìmọ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì lóde òní, ohun méjì ni a fi ń wọn onímọ̀: iye àpilẹ̀kọ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí wọn, àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí wọn. Òǹkà wọ̀nyí ni a ń wò kí a tó gbani síṣẹ́, kí a tó gbéni ga lẹ́nu iṣẹ́, àti kí a tó fúnni lówó ìwádìí. Ìwé yìí ń tọpa bí ìkà ìtọ́kasí ṣe dìde àti bí ó ṣe di ọ̀pá ìdíwọ̀n ènìyàn. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdíwọ̀n náà ti ń ka ohun tí ó rọrùn láti kà, ìyẹn orúkọ tí ó wà níwájú ìwé, àti pé àwọn tí ìmọ̀ nípa Yorùbá ti ẹnu wọn jáde wà lára àwọn tí ó pàdánù nínú ètò yìí.

Láti ilé ẹjọ́ dé ilé ìwádìí

Ọ̀dọ̀ àwọn amòfin ni àtọ́ka ìtọ́kasí ti gbilẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1873, Frank Shepard, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ tí ó ń fi hàn bí ilé ẹjọ́ ṣe ń tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí a ti dá sẹ́yìn. Agbẹjọ́rò tí ó bá ní àkójọ náà lọ́wọ́ yóò mọ̀ bóyá ìdájọ́ tí òun fẹ́ gbára lé ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tàbí a ti yí i dànù. Ìrìn-àjò ìdájọ́ ni Shepard ń tọ̀. Kò wá adájọ́ tí ó gbayì jù.

Ní ọdún 1927, P. L. K. Gross àti E. M. Gross ka àwọn ìtọ́kasí inú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì: bí owó kò bá pọ̀, jọ́nà wo ni ó yẹ kí a rà? Níbí náà, kò sí ẹni tí a ń wọn.

Eugene Garfield ni ó so okùn méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn tí William Adair, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Shepard, ti kọ̀wé sí i nípa àkójọ àwọn amòfin, Garfield gbé àbá kan jáde nínú jọ́nà Science ní ọdún 1955 pé kí a ṣe irú rẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì, kí olùwádìí lè rí àríwísí tí a ti ṣe sí iṣẹ́ kan kí ó tó gbára lé e. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Science Citation Index déédéé ní ọdún 1964.

Nínú àtọ́ka alátẹ̀jáde yìí, abẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ nìkan ni a ń to iṣẹ́ tí a tọ́ka sí. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ kọ àpilẹ̀kọ kan, ẹni tí ó bá wá ẹni kejì tàbí ẹni kẹta lọ kò ní bá ìtọ́kasí náà lábẹ́ orúkọ wọn. Fún ẹni tí ó ń wá èrò, èyí kò ni í lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé kan náà láti ka ènìyàn, ohun tí ó jẹ́ ètò ìtòwé lásán sì di ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́.

Ẹni tí ó ní ni a ń fi kún tirẹ̀

Ní ọdún 1968, Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó gbajúmọ̀. Ó ní bí olókìkí àti ẹni tí a kò mọ̀ bá jọ ṣe iṣẹ́ kan, olókìkí ni àwọn ènìyàn máa ń gbé iyì náà fún. Ìwé Ìhìnrere Matteu ni ó ti mú orúkọ tí ó fún àṣà yìí. Púpọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀ ni ó wá láti inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Harriet Zuckerman ṣe pẹ̀lú àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel. Síbẹ̀, Merton nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà lórí àpilẹ̀kọ náà. Nígbà tí ó yá, Merton fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú àlàyé tí ó fi kún un pé ó yẹ kí orúkọ àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Ní ọdún 1993, Margaret Rossiter, òpìtàn sáyẹ́ǹsì, fi ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ hàn pé àwọn obìnrin ni irú ìfojúfodá báyìí máa ń bá jù.

Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, dábàá òǹkà tí a mọ̀ sí h. Bí ènìyàn bá ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kéré tán, nígbà mẹ́wàá, tí kò sì ní mọ́kànlá tí ó dé mọ́kànlá, òǹkà rẹ̀ jẹ́ 10. Òǹkà náà rọrùn, ìdí nìyí tí ó fi tàn kálẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ènìyàn mélòó ni ó jọ ṣe iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ físíìsì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN tẹ àpilẹ̀kọ kan tí òǹkọ̀wé rẹ̀ jẹ́ 5,154. Lójú òǹkà h, ẹni tí ó dá kọ àpilẹ̀kọ àti ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú 5,154 ń gba iyì kan náà. Láti tún èyí ṣe ni a fi gbé ètò CRediT kalẹ̀ ní ọdún 2014, èyí tí ó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ipa 14, kí a lè mọ ẹni tí ó gbèrò rẹ̀, ẹni tí ó kó dátà jọ, àti ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé ìtàn kan, ọwọ́ púpọ̀

Bí a bá fi ojú yìí wo ìwé The History of the Yorubas, a ó rí i pé ìbéèrè nípa òǹkọ̀wé kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì. Àlùfáà Samuel Johnson parí iṣẹ́ náà ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ tí a fi ránṣẹ́ sí England sọnù, Johnson sì kú ní ọdún 1901 láìfojú rí ìtẹ̀jáde rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún ìwé náà kọ. Ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé àfọwọ́kọ tuntun yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nígbà ogun ní ọdún 1916, wọ́n sì wà á lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde ní London, lẹ́yìn tí Obadiah pẹ̀lú ti kú. Òun ni ó kọ ẹ̀dà tí a ń kà lónìí, ṣùgbọ́n olóòtú ni ó pe ara rẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn méjèèjì, àwọn mìíràn tún wà. Samuel Johnson kò fi wọ́n pamọ́. Ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Ó dárúkọ Josiah Òní. Ó dárúkọ Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ìtàn dáadáa. Ó sì sọ pé àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni orísun ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùwádìí òde òní bá tọ́ka sí ìwé náà, Johnson àti 1921 ni yóò kọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu arọ́kin jáde ti di ti Johnson, òǹkà kan sì ti wọ àpò Johnson.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lókè òkun. Ní Cuba, Lydia Cabrera sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ El Monte, tí ó jáde ní Havana ní ọdún 1954, pé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú tí ó bá a sọ̀rọ̀ ni òǹkọ̀wé ìwé náà gan-an. Sixteen Cowries, ìwé William Bascom, ará Amẹ́ríkà, jáde ní ọdún 1980. Sàlàkọ́, awo ẹ́ẹ̀rìndínlógún ní Ọ̀yọ́, ni ó ké àwọn ẹsẹ tí ó kún inú rẹ̀, Bascom sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Nínú ìwé méjèèjì, òǹkọ̀wé ṣe ohun tí ó tọ́. Ẹ̀rọ ìkà ìtọ́kasí ni kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Àṣà ìtọ́kasí tiwa

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìtọ́kasí. Ẹsẹ Ifá máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ awo tí ó dífá, kí a tó dárúkọ ẹni tí a dífá fún àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí apohùn bá bọ́ sí agbo, ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Èyí yàtọ̀ sí àtọ́ka Garfield lọ́nà kan tí ó ṣe pàtàkì: orúkọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí yóò bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ gbọ́dọ̀ dá a.

Àwọn kan lè sọ pé abẹ́nà-ìmọ̀ kì í ṣe òǹkọ̀wé, nítorí pé òǹkọ̀wé ni yóò dáhùn fún gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé. Òótọ́ wà nínú èyí. Kò yẹ kí a di ẹrù àríyànjiyàn wa lé orí Lágùnjú, ẹni tí kò rí ìwé náà rí. Bákan náà, awo kan lè má fẹ́ kí a tẹ orúkọ òun síta. Ṣùgbọ́n láàárín òǹkọ̀wé àti ẹni tí a kò dárúkọ, àyè púpọ̀ wà. A lè béèrè lọ́wọ́ abẹ́nà-ìmọ̀ bí ó ṣe fẹ́ kí a dárúkọ òun. A lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìtọ́kasí ọ̀rọ̀ tí ó sọ, pẹ̀lú ìlú àti ọdún, dípò kí a kó gbogbo wọn sí ojú-ewé ìdúpẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ṣe àlàyé tí a gbé àpilẹ̀kọ lé, kí orúkọ rẹ̀ wà níwájú ìwé pẹ̀lú tiwa.

Ìgúnlẹ̀

Shepard fẹ́ mọ ibi tí ìdájọ́ ti wá àti ibi tí ó ń lọ. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè àti ìtàn Yorùbá lẹ́yìn odi ní ìdí láti padà sí ìbéèrè rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa kò lè dé ọ̀dọ̀ arọ́kin tàbí awo fúnra wa. Ìwé ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Bí a bá ń tọ́ka sí Johnson lórí ọ̀rọ̀ kan tí Johnson sọ pé ẹnu Lágùnjú ni òun ti gbọ́, kí a kọ Lágùnjú pẹ̀lú. Òǹkà h kò ní gòkè nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ wa yóò mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.