Alùmíníọ́mù tí wọ́n po séràmíìkì mọ́: ìdí tí kì í tètè gbó, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Alùmíníọ́mù fúyẹ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kún lítà kan jẹ́ kílò 2.7, ṣùgbọ́n ti fonte lé ní kílò 7. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó rọ̀. Tó bá ń ha ara irin láìsí epo, á gbóná, á lẹ̀ mọ́ irin náà, á sì máa ya díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlù bíréèkì àwọn alùpùpù zémidjan wa fi ní òrùka irin nínú: alùmíníọ́mù ni ìta, irin ni garniture ń fara kàn.

Àwọn onímọ̀ wá ń po nǹkan líle mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni carbure de silicium, òun náà ló wà lára bébà dúdú tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń fi omi ha ara ọkọ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á dà á sínú alùmíníọ́mù tó ti yọ́ ní 660°C, wọ́n á máa rò ó. Kò rọrùn o! Bí wọn ò bá rò ó dáadáa, á di kókó bí àmàlà tí ọwọ́ kò ká.

Ní 1983, Toyota fi fọ́nrán séràmíìkì sí ojú ihò tí òrùka ń jókòó sí lára pístọ̀n ẹ̀rọ diesel. Ní 1996, Lotus Elise jáde pẹ̀lú díìsìkì bíréèkì alùmíníọ́mù oníséràmíìkì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, fonte ni wọ́n padà sí.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn hóró líle yẹn ló ń gbé ẹrù, alùmíníọ́mù á sì rí ìsinmi. Ìyẹ̀fun tó ń já lára nǹkan méjèèjì á lẹ̀ pọ̀, á di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí awọ yìí bá wà, gbígbó rẹ̀ kéré. Tí ẹrù tàbí ooru bá wá pọ̀ jù, alùmíníọ́mù á rọ̀, hóró á fọ́ tàbí kó yọ, á wá di yanrìn láàárín méjèèjì. Ohun tó ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀ ló padà ń ha á.

Ẹ má gbàgbé ẹnìkejì náà: plaquette. Èyí tí wọ́n ṣe fún fonte lè tètè tán lára díìsìkì báyìí, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yan méjèèjì pọ̀. Lójú tiwa, àwọn tó ń yin ìfúyẹ́ rẹ̀ kì í sábà sọ èyí. Wọn kì í sì í sọ pé irinṣẹ́ oní-dáyámọ́ńdì ló ń gé e dáadáa, tí owó rẹ̀ fi ga.